Kókó Abẹ́ Awọ àti Ìtọ́jú Rẹ̀ Nínú Ilé

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo a máa ṣe iṣẹ́ púpọ̀. A ní kókó lára igi. A ní kókó nínú àmàlà tí a kò rò dáadáa. Olùkọ́ a sì máa béèrè kókó ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá ṣù jọ, tí ó sì yàtọ̀ sí ohun tí ó yí i ká, kókó ni à ń pè é. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ara ènìyàn. Bí nǹkan bá yọ gọngọ sí ẹ̀yìn ọrùn, sí orí, sí ojú tàbí sí àárín ẹ̀yìn, ohun tí gbogbo ilé yóò wí ni pé kókó yọ sí lágbájá lára. Kò sí àṣìṣe nínú gbólóhùn náà. Ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀, nítorí pé orúkọ kan yìí bo oríṣìíríṣìí nǹkan mọ́lẹ̀, ìtọ́jú tí ó sì tọ́ sí ọ̀kan lè ba èkejì jẹ́.

Kókó tí àlàyé yìí dá lé lórí ni ọ̀kan nínú àwọn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ. Kì í sábà dunni. Kì í tètè dàgbà. Ó máa ń yí díẹ̀ lábẹ́ awọ nígbà tí a bá fi ìka tì í. Àmì dúdú bíńtín kan sì sábà máa ń wà ní àárín orí rẹ̀. Ó lè mọ bí ẹ̀pà, ó sì lè tó ẹyin ẹyẹlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbé e kiri fún ọdún pípẹ́ láìsí ìyọnu kankan. Nígbà tí ó bá sì di ìyọnu, ọwọ́ ènìyàn ni ó máa ń dá a sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n rò pé oówo tí kò fẹ́ bẹ́ ni. Wọ́n fún un, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, tàbí kí wọ́n fi abẹ là á. Ó rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún yọ, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé àpò ni ohun tí wọ́n ń bá jà, kì í ṣe oówo.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Awọ ara ènìyàn kì í dúró lójú kan. Láti ìsàlẹ̀ ni awọ tuntun ti ń yọ, tí ó ń ti èyí tí ó ti gbó lọ sí òkè, títí èyí tí ó ti kú yóò fi bọ́ dànù nígbà tí a bá ń wẹ̀ tàbí tí aṣọ bá ń ha ara. Ohun líle kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kẹ́rátìn ni ó pọ̀ jù nínú awọ tí ó ti kú náà. Kẹ́rátìn yìí náà ni ó wà nínú èékánná àti irun. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà bá là, gbogbo èyí ń lọ láìjẹ́ pé a fura sí i.

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹnu ihò tí irun ti ń hù a máa dí, tàbí kí ọgbẹ́ kan ti díẹ̀ nínú awọ òkè wọ ìsàlẹ̀ lọ. Awọ tí ó há sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò dẹ́kun iṣẹ́ rẹ̀. Ó ká ara rẹ̀ kò bí àpò, ó sì ń bọ́ èérún rẹ̀ sínú àpò náà nítorí pé kò rí ọ̀nà ìta. Èérún náà ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, títí àpò náà yóò fi hàn lójú awọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù tàbí ọdún. Bí a bá là á, ohun funfun tàbí ohun tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀ ni a ó bá nínú rẹ̀, ó ki, ó sì ń rùn.

Ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ èdè kíyè sí orúkọ tí àwọn òyìnbó fún un. Cyst ni wọ́n ń pè é, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ àpò. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì yìí náà ni a fi ń pe àpò ìtọ̀. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn dókítà mìíràn pẹ̀lú, ń fi ọ̀rọ̀ kan tí ó jẹ mọ́ ọ̀rá awọ kún un, wọ́n ń pè é ní sebaceous cyst. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rá kọ́ ni ó wà nínú rẹ̀; kẹ́rátìn ni. Nítorí náà, kì í ṣe Yorùbá nìkan ni orúkọ àrùn máa ń ṣì lọ́nà. Bí a bá fẹ́ orúkọ tí yóò sọ ohun náà bí ó ti rí, a lè pè é ní kókó alápò, kí a lè yà á sọ́tọ̀ sí oówo àti sí kókó ọ̀rá, èyí tí ó jẹ́ ọ̀rá lásán tí ó ṣù jọ, tí ó sì máa ń rọ̀ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́.

Kókó alápò kì í ràn. Kì í ṣe àìmọ́tótó ni ó ń fà á, kì í sì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní i kò dára. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn àgbàlagbà ju àwọn ọmọdé lọ, ó sì wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ojú, ọrùn, ẹ̀yìn etí, àyà àti ẹ̀yìn ni ó fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ó lè yọ sí awọ ẹpọ̀n pẹ̀lú. Irú kan tí ó jọ ọ́ wà tí orí ni ó sábà máa ń yọ sí. Èyí a máa wà nínú ìdílé, tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ fi lè ní i.

ÌYÀTỌ̀ LÁÀRIN RẸ̀ ÀTI OÓWO

Oówo, tí àwọn mìíràn ń pè ní eéwo, jẹ́ iṣẹ́ kòkòrò àrùn tí ó wọ ìdí irun. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ni ó ti ń wú, tí ó ń gbóná, tí ó sì ń dunni dé ibi tí ènìyàn kò fi ní lè sùn. Ọyún a kó sínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ a funfun, a sì bẹ́. Nígbà tí ọyún bá ti tú jáde tán, ojú ibẹ̀ a san, ọ̀rọ̀ náà a sì parí níbẹ̀.

Kókó alápò kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù tàbí ọdún ni ó fi ń dàgbà. Bí kò bá sí ohun tí ó bí i nínú, kì í gbóná, kì í sì í dunni. Bí a bá fún ohun inú rẹ̀ jáde, àpò tí ń pèsè rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ awọ. Ẹni tí ó bá da gàrí inú àpò nù kò tí ì sọ àpò nù. Bí ó bá pẹ́, bí ó bá yá, àpò náà yóò tún kún.

Ohun tí ó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé kókó alápò lè yí ìwà padà lójijì. Bí a bá lù ú, tí a tẹ̀ ẹ́, tàbí tí ohun kan ń ha á lemọ́lemọ́, ògiri àpò náà lè ya ní inú, kí kẹ́rátìn sì tú sáàárín ẹran ara. Ara kò mọ kẹ́rátìn ní ibẹ̀. Ó kà á sí àlejò, ó sì dìde sí i bí ẹni tí ń lé olè. Láàrin ọjọ́ kan tàbí méjì, kókó tí ó ti dákẹ́ fún ọdún márùn-ún yóò wú, yóò gbóná, yóò sì máa ro ẹni náà gan-an. Lójú ẹni tí kò mọ̀, oówo ti dé. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kò sí kòkòrò àrùn kankan nínú ọ̀ràn náà. Ìjà tí ara ń bá kẹ́rátìn jà ni. Ìdí nìyí tí oògùn apakòkòrò tí a sáré rà ní kẹ́míìsì kì í fi í sábà ṣe iṣẹ́ tí a rán an.

Kò yẹ kí a gbàgbé ohun kan nípa àwọ̀ ara. Àwọn ìwé tí a kọ ní òkè òkun sábà máa ń sọ pé ibi tí ó bá ń wú yóò pọ́n. Òótọ́ ni èyí lára ènìyàn funfun. Lára ènìyàn dúdú, pípọ́n náà lè má hàn rárá. Ohun tí a ó rí ni pé ojú ibẹ̀ yóò dúdú ju ìyókù lọ, awọ rẹ̀ yóò le, yóò sì máa dán. Nítorí náà, kí a má gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan. Kí a fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibẹ̀, kí a tún fi kan ẹ̀gbẹ́ kejì ara, kí a lè mọ̀ bóyá ibẹ̀ gbóná ju ibòmíràn lọ.

ÌDÍ TÍ KÒ FI YẸ KÍ A FÚN UN

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Ẹni tí ó bá fi ìbínú lù ú, ara rẹ̀ ni yóò ṣe léṣe. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ kókó alápò. Agbára tí a fi ń fún un kì í ti ohun inú rẹ̀ jáde sí òde nìkan. Ó ń tì í wọ inú lọ pẹ̀lú. Bí ògiri àpò bá ti ya, ìwúlé tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn tí ó bá sì rọlẹ̀, àpá a máa lẹ àpò náà mọ́ ẹran tí ó yí i ká, tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà tí ì bá yọ ọ́ ní ìrọ̀rùn yóò fi ní láti gé ju bí ó ti yẹ lọ.

Ewu ti abẹ àti abẹ́rẹ́ tún ju èyí lọ. Irin tí a kò sè, tí a fi la ara ẹnìkan lẹ́yìn ti ẹlòmíràn, lè gbé kòkòrò HIV kiri, ó lè gbé àrùn ẹ̀dọ̀ tí hepatitis B ń fà, ó sì lè fi tẹ́tánọ́ọ̀sì sínú ọgbẹ́, èyí tí ń mú kí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ pàdé kí ẹnu má sì lè là mọ́. Síwájú sí i, awọ àwọn ènìyàn dúdú a máa di àpá gíga tí ó le ju ti àwọn ènìyàn funfun lọ, pàápàá ní etí, ní àgbọ̀n, ní èjìká àti ní àyà. Àpá bẹ́ẹ̀ lè tóbi ju kókó tí a torí rẹ̀ la ara lọ. Ọmọge tí ó fẹ́ kí kókó bíńtín kan kúrò ní ẹ̀yìn etí rẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ gba ohun tí yóò máa fi gèlè bò mọ́lẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

ÌTỌ́JÚ INÚ ILÉ

Ipò mẹ́ta ni kókó alápò lè wà, ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀.

Èkíní ni kí ó dákẹ́. Bí kò bá dunni, tí kò gbóná, tí kò sì dàgbà kíákíá, ìtọ́jú rẹ̀ ni kí a fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Kí a máa fi ọṣẹ àti omi wẹ ibẹ̀ bí a ti ń wẹ ìyókù ara, láìfi kànrìnkàn ha á. Kí a yẹra fún ohun tí yóò máa gún un: ọrùn ẹ̀wù tí ó le, okùn àpò ìwé, tàbí òṣùká, bí ó bá jẹ́ pé orí ni ó wà. Ẹni tí ó ní kókó lórí gbọ́dọ̀ sọ fún onígbàjámọ̀ àti fún onídìrí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí pé abẹ àti ìyarun ti ṣí ọ̀pọ̀ irú kókó bẹ́ẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ó dára kí a fi rúlà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí a sì kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ sílẹ̀. Bí a bá ní àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a kò ní máa méfò nígbà tí dókítà bá béèrè bóyá ó ń dàgbà.

Èkejì ni kí ó wú kí ó sì máa ro. Ohun tí ó tọ́ ni kí a fi omi gbígbóná jó o. Kí a mú aṣọ mímọ́ tí ó rọ̀, kí a rì í bọ omi tí ọrùn ọwọ́ lè gbà láìjóni, kí a fún omi rẹ̀ dànù, kí a sì gbé e lé kókó náà fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí aṣọ bá ti tutù, kí a tún un rì. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Gbígbé ni a ń gbé aṣọ náà lé e, a kì í tẹ̀ ẹ́. Ooru náà ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé ibẹ̀, ó ń dín ìrora kù, bí ohun kan bá sì fẹ́ jáde fúnra rẹ̀, ó ń là á lọ́nà. Kí ẹlòmíràn má lo aṣọ náà. Kí a sè é lẹ́yìn ìlò, kí a sì sá a sí oòrùn. Bí ó bá ń ro aláìsàn, ó lè lo parasitámọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta tí kò rọlẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dúró dé ọjọ́ náà, nítorí pé egbò tirẹ̀ kì í tètè san. Bákan náà, ara rẹ̀ lè má mọ ooru mọ́, kí omi sì bó o láìmọ̀. Ẹlòmíràn ni kí ó bá a tọ́ omi náà wò.

Ẹ̀kẹta ni kí ó ṣí fúnra rẹ̀. Kí aláìsàn fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ ná. Kí ó jẹ́ kí ohun tí ó fẹ́ jáde jáde, láìfún un. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ ibẹ̀, kí ó fi aṣọ mímọ́ gbẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́, kí ó sì fi bándéèjì bò ó. Kí ó máa pààrọ̀ bándéèjì náà lójoojúmọ́, àti nígbàkígbà tí ó bá rin. Kí ó sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà rí i, nítorí pé ṣíṣí tí ó ṣí kò wí pé àpò ti kúrò.

Ó ku ọ̀rọ̀ nípa ohun tí a ń fi sí i. Àṣà kan gbilẹ̀ láàrin àwọn ènìyàn, èyí ni pé kí wọ́n tú oògùn kápúsù, kí wọ́n sì da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò. Èyí kò dára. A kò ṣe oògùn náà fún ojú egbò, ìlòkulò rẹ̀ sì ń kọ́ àwọn kòkòrò àrùn bí wọn yóò ti máa yè é. Ní ti ewé, agbo àti ìpara, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni yóò pè ní asán ní ilẹ̀ tí ìmọ̀ ewé ti jinlẹ̀ tó báyìí. Ṣùgbọ́n ògiri àpò yìí jẹ́ awọ tí ó wà láàyè, ó sì wà ní ìsàlẹ̀. Kò sí ohun tí a fi pa òkè awọ tí yóò yọ́ ọ, ìbáà ṣe ìpara ilé ìwòsàn tàbí ti adáhunṣe. Bí ohun kan bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè jẹ àpò náà run, yóò ti jẹ awọ tí ó bò ó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

IṢẸ́ DÓKÍTÀ

Kì í ṣe dandan kí a yọ gbogbo kókó alápò. A máa ń yọ ọ́ bí ó bá ń wú lemọ́lemọ́, bí ó bá wà níbi tí aṣọ tàbí iṣẹ́ ń fi ìyà jẹ ẹ́, bí ìrísí rẹ̀ bá ń ba aláìsàn nínú jẹ́, tàbí bí ó bá ń ṣe dókítà ní iyè méjì. Nígbà tí kókó náà bá ti rọlẹ̀ ni ó dára jù láti ṣe iṣẹ́ náà. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wú tán, dókítà sábà máa ń ní kí a dúró fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Bí ọyún bá wà nínú rẹ̀, wọn yóò kọ́kọ́ là á kí ọyún lè jáde, wọn yóò sì fi yíyọ àpò sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Iṣẹ́ náà kò tóbi. Dókítà yóò gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ó mọ ìrora lójú ibẹ̀, yóò la awọ díẹ̀, yóò yọ àpò náà pẹ̀lú ògiri rẹ̀, yóò sì rán ojú ibẹ̀. Aláìsàn a máa lọ sí ilé rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Bí ìdá díẹ̀ nínú ògiri àpò bá ṣẹ́kù, kókó náà lè tún yọ. Ìdí nìyí tí a fi ń fẹ́ kí ó jáde lódindi. Ó tọ́ kí a fi ohun tí a yọ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò, kí a lè fi ẹ̀rọ wo ohun tí ojú lásán kò rí. Ẹni tí àpá gíga bá ti yọ sí lára rí, tàbí tí ó wà nínú ìdílé rẹ̀, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò: ojú ọgbẹ́ kókó tí kò ju ẹ̀pà lọ kò lè tó ti èyí tí a dúró dè títí ó fi tó ẹyin.

A lè mọ iyì ìrọ̀rùn yìí bí a bá rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Kẹrin, ẹni tí ó gun orí ìtẹ́ ní 1820. Irú kókó báyìí ni ó wà ní orí rẹ̀. Astley Cooper, ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ abẹ tí ó lókìkí jù ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ni ó yọ ọ́, ọba sì fi oyè baronet dá a lọ́lá ní 1821. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba Cooper kí ó tó gbà láti ṣe iṣẹ́ náà. Ní àkókò yẹn, kò tí ì sí oògùn tí kì í jẹ́ kí aláìsàn mọ ìrora nígbà iṣẹ́ abẹ. 1846 ni a tó fi ether hàn ní gbangba ní ìlú Boston. Kò sì tí ì sí ẹni tí ó mọ bí a ti í lé kòkòrò àrùn jìnnà sí ojú ọgbẹ́. 1867 ni Joseph Lister tó kọ̀wé nípa èyí. Ọgbẹ́ kékeré ní orí lè di àìsàn tí yóò pa ọba, oníṣẹ́ abẹ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ba Cooper lẹ́rù ní ààfin ni ẹni tí ń fi abẹ la kókó ní ẹ̀yìnkùlé ń pè wá sínú ilé rẹ̀ lónìí.

KÓKÓ TÍ KÌ Í ṢE TI ILÉ

Gbogbo ohun tí a ti sọ nípa ìtọ́jú inú ilé dúró lórí pé kókó alápò ni ohun tí a ń tọ́jú. Àwọn kókó kan wà tí kò yẹ kí a fi omi gbígbóná jó fún ọjọ́ kan ṣoṣo kí a tó lọ sí ilé ìwòsàn.

Kókó inú ọmú jẹ́ ọ̀kan, ìbáà dunni, ìbáà má dunni. Jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀, àìdunni rẹ̀ ni ó sì ń tan ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ. Kókó ọrùn tàbí ti abíyá tí ó ti ju ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3 lọ tí kò lọ sílẹ̀ jẹ́ òmíràn. Èyí tí ó wà ní iwájú ọrùn, tí ó ń gòkè nígbà tí ènìyàn bá gbé nǹkan mì, ó lè jẹ́ gẹ̀gẹ̀, ìtọ́jú tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Kókó tí a bí ọmọ mọ́, tí ó wà ní àárín gbùngbùn orí tàbí ní ìdí imú láàrin ojú méjèèjì, ó lè ní ọ̀nà tí ó wọ inú agbárí lọ. Ẹni tí ó bá gún un lè ṣí ọ̀nà fún àrùn dé ọpọlọ ọmọ náà.

Wíwú àgbọ̀n ọmọdé tún wà. Ní 1958, Denis Burkitt, dókítà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ̀wé nípa irú jẹjẹrẹ kan tí ń wú àgbọ̀n àwọn ọmọ Áfíríkà. Àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn náà ti rí i lára ọ̀pọ̀ ọmọ. Ó ń dàgbà kíákíá, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ fi tó láti yí ojú ọmọ padà. Síbẹ̀, oògùn a máa wò ó sàn bí a bá tètè gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn. Àwọn òbí tí ó rò pé eyín ni ó ń yọ ọmọ lẹ́nu, tàbí pé kókó lásán ni, ń fi àkókò tí kò ṣeé rà padà ṣòfò.

Ní àwọn abúlé tí ó wà lẹ́bàá odò tí ń ṣàn kíkankíkan, kókó tí ó le, tí kì í dunni, tí ó wà lórí egungun ìbàdí, ìhà tàbí orí lè jẹ́ ilé àwọn aràn tí ń fọ́ni lójú. Kòkòrò tí ń bu ènìyàn jẹ ní bèbè odò ni ó ń gbé wọn kiri. Oògùn rẹ̀ ni ivermectin. Ní 1987 ni ilé-iṣẹ́ Merck kéde pé òun yóò máa fi í tọrẹ. Ẹni tí ó bá fi abẹ yọ kókó kan lára irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, tí kò sì fún un ní oògùn, kò tí ì fọwọ́ kan ìdí àrùn.

Ní àfikún, kókó tí ó bá tóbi ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tí ó le bí òkúta, tí ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ tí kò yí, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí ó ń dàgbà kíákíá, kò yẹ ní fífi pamọ́. Kókó tí ó wú pẹ̀lú ibà, tàbí tí gbígbóná rẹ̀ ń tàn kálẹ̀, tàbí tí ó wà nítòsí ojú, kí a gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an.

Àwọn olùkọ́ ní ipa láti kó nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwọn ni ọmọ máa ń kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ hàn nígbà tí ó bá wà ní ilé ìwé, àwọn sì ni ọ̀pọ̀ òbí ń bi léèrè. Bí ẹnìkan bá wí pé kókó yọ sí òun lára, ìbéèrè mẹ́rin péré ni ó kọ́kọ́ tó. Ìgbà wo ni ó ti yọ? Ṣé ó ń dunni, ṣé ó sì gbóná? Ṣé ó ń yí nígbà tí a bá tì í, tàbí ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀? Ibo ni ó wà lára? Ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kì í sọ ẹnikẹ́ni di dókítà. Ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí a mọ èyí tí a lè fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́, èyí tí a lè fi aṣọ gbígbóná jó, àti èyí tí ó yẹ kí a ti wọ ọkọ̀ gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí abẹ inú ilé wà fún.